Owó Ìwádìí Àrùn ní Òrìta Mẹ́fà: Ọ̀rọ̀ Yìí Kan Ìjọ Mùsùlùmí

Ní ọjọ́ 1 oṣù May ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń ná owó lórí ìwádìí àrùn, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní N.I.H., kéde pé òun kò ní fi àṣẹ sí owó tuntun mọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà yóò gbà, tí yóò sì tún pín nínú rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ òkèèrè, àfi ìgbà tí òun bá ṣe ètò mìíràn. Ìròyìn náà kò pariwo ní ọjà. A kò gbọ́ ọ lórí mínbárì. Bẹ́ẹ̀ ni ó kan Ilé Ìwòsàn U.C.H. ní Òrìta Mẹ́fà, Ìbàdàn, ó sì kan àwọn ilé ìwòsàn yòókù tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìṣègùn nílẹ̀ yìí. Bí ó bá kan ibẹ̀, ó kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ń ru, ó sì kan ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọjà ṣàlàyé rẹ̀. Oníṣòwò ńlá kan wà ní Èkó tí ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aláṣọ. Orúkọ tirẹ̀ ni ó wà nínú ìwé. Òun ni ó wá ń di ẹrù ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń bá a tà á ní Gbági. Ẹni ti Gbági ń ṣiṣẹ́, ó ń tà, ó ń mú owó wálé, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n rí. Ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹrù òun gba ọwọ́ kejì mọ́, àtẹ ẹni ti Gbági di òfìfo nìyẹn. Bí owó ìwádìí púpọ̀ ṣe ń dé Ìbàdàn nìyẹn: yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń gbà á, òun náà ni ó sì ń pín in. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn kò lè tọ ipasẹ̀ owó náà dáadáa. Kò burú, olówó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí owó rẹ̀ gbà. Wọ́n sì ní nínú ètò tuntun, ilé ìwòsàn òkèèrè yóò máa gba ìpín tirẹ̀ ní tààrà, ní orúkọ ara rẹ̀. Èyí lè sàn ju ti àtijọ́ lọ fún ilé ìwòsàn tí ìwé owó rẹ̀ mọ́, tí ó ní akọ̀wé owó tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Èyí tí kò bá ní i, ìta ni yóò wà.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí irú owó yìí ti ṣe láàárín wa kí a tó sọ pé kò kàn wá. Òfin tí ó dá U.C.H. sílẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn náà ní oṣù November 1957. Kí ó tó di ìgbà náà, Adéọ̀yọ́ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn dókítà ibẹ̀ kò fi iṣẹ́ mọ sórí kí a fi oògùn fún aláìsàn kí ó máa lọ ilé. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ń wádìí àìsàn kan tí ó wà ní Ososa, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ènìyàn dúró gírígírí nílẹ̀, tí ó sì ń ba ojú jẹ́. Ohun tí ó fura sí ni májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà, pẹ̀lú Dókítà Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana, ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992 ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá mọ Ìdíkàn mọ̀ pé agboolé ọmọ kéú pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bá àwọn àgbà tí wọ́n ti lé ní ọdún 65 sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè láti mọ̀ bóyá iyè wọn ṣì pé tàbí wọ́n ti ń ṣarán. Nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n fi àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ní ìlú Indianapolis lọ́hùn-ún, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ta baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, kò rí òpin rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e dé èbúté. Ní 2001 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn àgbà 2,459 ni wọ́n tọ́jú orúkọ wọn ní Ìbàdàn, 2,147 sì ni ti Indianapolis. Nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, nǹkan bí 11 tàbí 12 ni àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú lọ́dún kan. Nínú 1,000 ti Indianapolis, nǹkan bí 25 ni. Ẹ̀jẹ̀ baba kan náà ni, ilẹ̀ àti ìgbé-ayé ni ó yàtọ̀. Ìròyìn yìí mì gbogbo ayé oníṣègùn, àwọn ìyá àgbà Ìdíkàn tí wọ́n gbà kí wọ́n wọlé tọ̀ wọ́n ni ó sì ti ọwọ́ wọn wá. Ta ni ó san owó rẹ̀? Ẹ̀ka N.I.H. tí ó ń bójú tó ọ̀ràn arúgbó ni. Kò sí kọ́bọ̀ wa níbẹ̀.

Bákan náà ni ti rọpárọsẹ̀. Láàárín 2014 sí 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Òwólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà kó àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù jọ, 2,118 ni wọ́n, wọ́n sì wá ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ le tí a lè fi wé wọn. Owó N.I.H. náà ni. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú nínú ohun tí ó ń fa àrùn náà. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn títóbi àti sìgá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí àwọn wọ̀nyí, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wa ni: ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, àti iyọ̀ tí a tún ń bù sórí oúnjẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e ka iwájú ẹni. Àwa tí a ń lọ sí ibi wòlímọ̀, ìsọmọlórúkọ àti fìdáù, a mọ ẹni tí ó máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àwo ẹran. Ìyá ẹlẹ́fọ́ tí ó jókòó ti ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ní Bódìjà ń ta oògùn láìmọ̀, kí a má sì máa na owó rẹ̀ sílẹ̀ jù.

Nísinsìnyí tí ọwọ́ Amẹ́ríkà ti ń fà sẹ́yìn, báwo ni ilé wa ṣe rí? Láti òpin ọdún 2024 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2025, U.C.H. wà nínú òkùnkùn fún ohun tí ó lé ní 100 ọjọ́ nítorí gbèsè iná mànàmáná. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára ènìyàn fún ìwádìí, inú ẹ̀rọ amúǹkantutù ni ó ń gbé. Ẹ̀rọ náà kò mọ gbèsè, kò mọ àlàyé. Òtítọ́ ni pé ní oṣù February 2025, àwọn aṣòfin ní Àbújá fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera nínú ìṣúná ọdún náà láti dí àyè ìrànwọ́ Amẹ́ríkà tí ó dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n kí a kọ owó sínú ìwé ìṣúná ọ̀tọ̀, kí owó dé ọwọ́ ọ̀tọ̀. Ní 2001, ní Àbújá kan náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí láti máa ná 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn sórí ìlera. A kò tíì ṣe é.

Fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà kò tíì dí tán. Àjọ TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ní owó kan tí ó yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó sì wà fún. Dókítà tí ó wà ní ilé ìwòsàn nìkan gbọ́dọ̀ wá olùkọ́ yunifásítì tí wọn yóò jọ ṣe é. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ̀ pé èrè àwọn ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ yìí ni owó TETFund ti ń wá. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ní Yúróòpù, ètò EDCTP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 lórí ibà, ikọ́ fée àti àrùn kògbóògùn, ń bá àwọn oníṣègùn Áfíríkà ṣe pọ̀. Wellcome Trust ti London kò tíì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Àjọ TWAS ní Ítálì ń fún àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ ní owó ìwádìí. Báńkì Ìdàgbàsókè Mùsùlùmí tí ó wà ní Jiddah, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2005, dá àpò owó kan sílẹ̀ ní 2018 fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ dókítà Mùsùlùmí jọ̀wọ́ wádìí ìyẹn ju bí wọ́n ti ń wádìí ìwé àṣẹ Hájì lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a kò sì ní fò ó dá. Wọ́n ní òyìnbó ń fi ara wa dánwò ni. Wọn kò purọ́ tán. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun rẹ̀ wò níbẹ̀ pẹ̀lú 200 ọmọ. 11 nínú wọn kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn òun, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ará òkè ọya kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní 2003, àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ni ó sì jìyà rẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 wá sọ ọ́ di dandan pé kí a ṣàlàyé ìwádìí fún ènìyàn kí ó sì fọwọ́ sí i kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí wọ́n bá wá sí agboolé yín, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ìwádìí, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá. Bí ó bá wù yín kí ẹ kọ̀, ẹ kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ̀ láìbéèrè kò ṣe ara rẹ̀ lóore.

Owó tiwa ńkọ́? Ní ìlú Kairo, Súltánì Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ní 1284. Ìtàn sọ pé ó ti ṣàìsàn rí ní Dàmásíkù, oògùn láti ilé ìwòsàn tí Nuru-d-Dini kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n fi wò ó sàn, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Kò fi ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ fún ọmọ aráyé kí wọ́n máa tọrọ owó kiri. Ó fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù ṣe wákàfì fún un, owó àyálégbé wọn ni wọ́n fi ń ra oògùn, òun náà ni wọ́n fi ń san owó àwọn oníṣègùn. Ní ìlú yìí kan náà ni Ibn al-Nafis gbé, ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ní ọ̀rúndún yẹn pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti apá kan ọkàn sí apá kejì, nǹkan bí 300 ọdún kí Yúróòpù tó kọ ọ́. Nígbà tí ó kú ní 1288, ó fi ilé rẹ̀ àti àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn Qalawun. Àlùfáà ni, onímọ̀ òfin Ṣáfíì ni, dókítà ni.

Àwọn kan bi mí bóyá a lè mú sàká fún irú nǹkan báyìí. Èrò tèmi ni pé kí a má fọwọ́ kan sàká. Alùkùránì ti ka ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, tálákà ni ó sì ṣíwájú. Àwọn onímọ̀ kan fẹ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà Ọlọ́run gbòòrò, ṣùgbọ́n tálákà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa kò tíì yó. Wákàfì àti sàráà ni ọ̀nà tí ó mọ́ fún èyí. Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì tí ó sọ nípa sàráà tí èrè rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn ikú. Mọ́ṣáláṣí kan lè ní ilẹ̀ lẹ́bàá títì, kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí i, kí owó ọdọọdún rẹ̀ máa gbé ọmọ dókítà kan tí ó ń wádìí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbà tí a bá fẹ́ ya òrùlé rọ̀bọ̀tọ̀ sórí mọ́ṣáláṣí tí òjò kò jò, ẹ mọ iye tí a ń dá. Kí a yà ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọdún kan péré, a ó rí i.

Kí ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe é má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é. Kí agbẹjọ́rò kọ ìwé wákàfì náà, kí orúkọ ilẹ̀ àti ààlà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ọmọ ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí, nítorí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wákàfì ni ọmọ ti tà lẹ́yìn ikú bàbá. Kí Lemọ́mù má dá owó náà mú. Kí ìgbìmọ̀ ní akápò tí ó jẹ́ oníṣòwò, pẹ̀lú obìnrin kan ó kéré tán láti inú ẹgbẹ́ Àdínì, kí dókítà kan láti yunifásítì sì máa yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún wò. Lọ́dọọdún, kí wọ́n ka ìwé owó rẹ̀ fún ìjọ lẹ́yìn ìrun Ìtúnu Ààwẹ̀, kí ọmọ tí ó gba owó náà sì dìde, kí ó sọ ohun tí ó rí, ní Yorùbá tí ìyá ẹlẹ́fọ́ yóò gbọ́.