Àníyàn Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ní Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá, ní Èkó, epo kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àwọn ará ilé. Àwọn àgbá ràgàjì tí wọ́n ń tọ́jú epo sí tò sẹ́bàá omi, ilé àwọn èèyàn wà nítòsí wọn, táńkà epo sì ń wọlé, ó ń jáde, lójú títì kan náà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nǹkan bú gbàù ní Abúlé-Àdó, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Amúwó-Ọ̀dọ́fin kan náà. Ó lé ní èèyàn 20 tó kú. Ilé wó lulẹ̀ lọ rẹrẹ, ilé ìwé Bethlehem Girls College sì bà jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé náà, Sister Henrietta Alokha, kú sí níbi tó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde.

Ta ni yóò gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò ní í já bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lóru? Síbẹ̀, bí ẹni tí kò rí oorun sùn bá sọ ọ́ fún àwọn ará nínú ìjọ, ìdáhùn tó sábà máa ń gbà ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Wọ́n á ní onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í ṣàníyàn, pé ẹni tó bá ń ṣe é, yálà ó ń dẹ́ṣẹ̀ ni tàbí ẹ̀mí àìmọ́ kan ló ń dà á láàmú. Bó bá wá dárúkọ dókítà, wọ́n á wò ó bí ẹni tó ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé wọ́n rò pé inú Bíbélì ló ti wá. Kò sí níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n máa ń fà yọ jù ni lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Fílípì, orí kẹrin, níbi tó ti gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi àdúrà rọ́pò àníyàn. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kan náà ló sọ nínú lẹ́tà kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kọkànlá, pé ojoojúmọ́ ni àníyàn nípa gbogbo ìjọ ń wúwo lórí òun. Nínú èdè Gíríìkì tó fi kọ lẹ́tà méjèèjì, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan náà ló lò. Bí àníyàn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àpọ́sítélì ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, kò sì tọrọ ìdáríjì. Èlíjà ńkọ́? Lẹ́yìn tí Jésébẹ́lì halẹ̀ mọ́ ọn, ó sá wọ aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi lẹ́ẹ̀mejì, kí ìbéèrè kankan tó wáyé. Ní Gẹtisémánì, Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọkàn òun bà jẹ́ gan-an, ó sì ní kí wọ́n má fi òun sílẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó?

Ẹni tó léwájú nínú títú Bíbélì sí èdè Yorùbá náà mọ ohun tí ìpayà jẹ́. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tó ṣì kéré. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ròyìn bí ìbẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ ta òun fún àwọn Pọtogí ṣe mú kí ayé sú òun, tí òun sì gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti gba ẹ̀mí ara òun. Ẹnìkan lè ní kò tíì gba Jésù nígbà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 1825 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un. Ó ti di Kristẹni fún ohun tó lé ní ọdún 11 kó tó kọ lẹ́tà ọ̀hún, kò sì fi nǹkan kan bò. Ìtàn yẹn kò ní kí wọ́n má fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Níbo wá ni èrò pé dókítà àti Ọlọ́run kò lè jọ gbé ilé kan ti wá? Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn òmùgọ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gágá ń pa èèyàn bí ewé ní 1918, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Sadare àti Sophia Odùnlámì wà lára wọn, fi àdúrà nìkan kojú rẹ̀. Ní 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oyè, Iléṣà, gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Nígbà tó yá, àwọn aṣíwájú ìsọjí yìí bá àwọn míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pínyà, torí pé àwọn òyìnbó yẹn ń lo kuníínì. Ibẹ̀ ni ìjọ Christ Apostolic Church ti jáde. Àmọ́, kí a rántí pé ní 1918, kò sí dókítà kankan láyé tó ní oògùn tó lè wo àrùn gágá náà. Àdúrà kò gba ipò ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo ìtàn yẹn lónìí láti lé aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ dókítà ti gbàgbé ohun tó bí i.

Lónìí, ìtọ́jú wà. Ìbẹ̀rù táńkà epo kì í ṣe àìsàn, làákàyè ni. Ṣùgbọ́n bí ìpayà bá dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí oorun kò kun ojú, tí ọkàn ń lù kìkìkì láìsí ohun tó ń lé èèyàn, tí iṣẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́, àìsàn ti wọ̀ ọ́, ìmọ̀ràn olùtọ́jú àti oògùn sì lè dẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá èèyàn 4,984 lẹ́nu wò ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Àìsàn àníyàn ló pọ̀ jù nínú gbogbo àìsàn ọkàn tí wọ́n rí: ó ti ṣe nǹkan bí èèyàn 6 nínú 100 rí. Nínú àwọn tí àìsàn ọkàn tiwọn le gan-an, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn kọ́ ni ìwàásù dí lọ́nà. Owó wà ńbẹ̀, ìtìjú “Yaba Left”, ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pe ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábà, náà sì wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwàásù tó ń pe àìsàn ní ẹ̀ṣẹ̀ ń bu epo sí iná ìtìjú náà.

Ibi tí èrò yìí ń gbé àwọn kan lọ burú ju ìtìjú lọ. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn ohun tó rí ní ibùdó 28 káàkiri Nàìjíríà: àwọn aláìsàn ọkàn tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ibùdó àwọn Mùsùlùmí, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ní ibùdó ìjọba pàápàá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará àdúgbò, ilé àdúrà àti dókítà lè jọ ṣiṣẹ́. Ní Arọ, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tí ìbátan wọn ń bá wọn gbé. Ní 2020, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí mìíràn jáde láti Nàìjíríà àti Gánà. Lórí àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ni, kì í ṣe lórí àníyàn. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bẹ aláìsàn wò ní ilé àdúrà tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, tí wọ́n jọ ń tọ́jú rẹ̀, ara aláìsàn yá ju ti àwọn tí kò rí irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ pé àníyàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tún ní ìbàjẹ́ kan tó kan Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ìbẹ̀rù bá ti di ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí tí epo fi ń gbé láàárín ilé àwọn èèyàn mọ́. Olùgbé tó yẹ kó kọ̀wé sí ìjọba yóò máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run torí pé àyà rẹ̀ já. Ìgbàgbọ́ Sister Alokha kò sọ fún un pé iná kì í ṣe iná. Ó lọ kó àwọn ọmọ jáde.

Kí wá ni àlàáfíà tí Pọ́ọ̀lù ṣèlérí? Kí àwọn tó ń fa lẹ́tà sí àwọn ará Fílípì yọ ka orí kẹrin rẹ̀ dé òpin. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà, ó sì ń dúpẹ́ ẹ̀bùn tí ìjọ Fílípì fi rán Ẹpafíródítù sí i. Ìjọ tó ń gba àdúrà yẹn dá owó, ó sì rán èèyàn. Irú rẹ̀ ṣeé ṣe ní Satellite Town àti ní Festac, lágbègbè Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá. Bí arábìnrin kan bá ní òun kò sùn láti oṣù mẹ́ta, kí alàgbà bi í bóyá ó ń jẹun, kí ìjọ dá owó ọkọ̀, kí ẹnìkan tẹ̀ lé e láti Mile 2 dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba tó wà ní Yábà láti 1907, kó jókòó tì í títí dókítà yóò fi pè é. Kí wọ́n gbàdúrà nínú ọkọ̀, ní àlọ àti ní àbọ̀, kí ẹni tó tẹ̀ lé e sì tún yọjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti bi í bóyá ó ti ń lo oògùn rẹ̀.