Lójú Ọkàn, Ẹkùn Ni Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, obìnrin kan tó ń gbé Ìkòròdú ti wà ní ibùdókọ̀. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń kó ìwé ìfọwọ́sí kúrò nílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ẹni tó bá sì pẹ́, wọ́n á gé lára owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí dánfó dé orí afárá Third Mainland, tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa fòò lọ títí níwájú, ńṣe ló di irin ìjókòó iwájú mú bí ẹni pé òun ló ń wa ọkọ̀. Ó fún ẹnu pọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ le kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Lójú ọkàn rẹ̀, ẹkùn ló wà níwájú yẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọdẹ tó ṣe kòńgẹ́ ẹranko búburú ló ń ṣẹlẹ̀ nínú dánfó. Ara á tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ṣúgà á ya wọnú ẹ̀jẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sáré. Ọdẹ á yìnbọn tàbí kó sá, ọ̀rọ̀ á parí, ara á sì rọ̀. Ẹni tó wà nínú dánfó kò ríbi sá sí. Ọ̀gá tó ń jágbe ń dúró dè é, onílé á pè lọ́sàn-án, afárá kan náà á tún pàdé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹkùn náà kì í lọ.

Ìwádìí INTERHEART, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet lọ́dún 2004, kó àwọn aláìsàn 11,119 tí ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́ bá ní orílẹ̀-èdè 52 jọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ní in. Ewu tó wà lórí ẹni tí másùnmáwo iṣẹ́ rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró ju ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní irú rẹ̀ lọ.

Ìgbò-Ọrà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀, ìlú tí ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Ó wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn èèyàn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1997 nìyí: 16 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní in ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 26 ní erékùṣù Karíbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni o. Sísanra àti iyọ̀ kó ipa ńlá nínú ìyàtọ̀ yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé bí èèyàn ṣe ń gbé ayé ń wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èkó òní kò sì jọ oko Ìgbò-Ọrà.

Nítorí náà, kí wọ́n yéé sọ fún ẹni tó wà nínú ìdààmú pé "má ronú mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Paraga tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbàgbé ọjọ́ náà tún burú sí i: ọtí a máa gbé e sókè, a sì máa ba oorun jẹ́. Oorun sì ni Yorùbá kọ́kọ́ mẹ́nu bà nígbà tí wọ́n ń sọ másùnmáwo lórúkọ. Ọdún 2022 ni American Heart Association tó fi oorun ṣe ìkẹjọ nínú àwọn ohun tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọkàn.

Ohun tí ara ń fẹ́ ni àmì pé ẹkùn ti lọ. Kí obìnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tilé, kó fẹsẹ̀ rìn ìyókù bí ọ̀nà kò bá léwu. Kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún mí jẹ́jẹ́, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Kí àwọn ará ilé jẹ́ kó jókòó ná, kí wọ́n tó máa ka owó iléèwé àti owó iná sí i létí.

Kó sì lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àjọ WHO sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé ni kò mọ̀, nítorí kì í sábà dunni. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kó fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà ní déédéé àyà, kó má sọ̀rọ̀. Ẹni tó sáré wọ kẹ́míìsì tó na apá síta lójú ẹsẹ̀, eré tó sá ni ẹ̀rọ náà máa kà. Bó bá tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà ló kàn.

Síbẹ̀, gbogbo ẹrù yìí kò yẹ kó wà lórí obìnrin náà nìkan. Ọ̀gá rẹ̀ mọ afárá yẹn, òun náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá fi ìwé ìfọwọ́sí sílẹ̀ lórí tábìlì di aago mẹ́sàn-án, tó sì jẹ́ kí àwọn tó pẹ́ dé fi wákàtí kan kún iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, kò ní ná an ní kọ́bọ̀.