Nii Kwabena Bonne ló ṣáná sí ìjà òmìnira Gánà

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó gba òmìnira fún Gánà, orúkọ Kwame Nkrumah ló ń ṣíwájú, J. B. Danquah a tẹ̀ lé e, kó tó wá kan àwọn mẹ́rin yòókù tí ìjọba amúnisìn jọ tì mọ́lé lọ́dún 1948. Iṣẹ́ wọn kò ṣeé jà níyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kó aráàlú jọ lọ́dún náà, díẹ̀ ló kù kí ìtàn gbàgbé rẹ̀. Nii Kwabena Bonne Kejì lorúkọ rẹ̀, oníṣòwò ni, òun sì ni olórí Osu Alata ní Accra.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà gbówó lórí kọjá àfaradà ní Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó bíi UAC ló ń kó aṣọ àti oúnjẹ inú agolo wọlé, àwọn náà ló sì ń dá iye lé e. Lọ́dún 1947, Nii Bonne dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gbógun ti ọ̀wọ́n náà. Ó lọ láti ìlú dé ìlú, ó bá àwọn ọba sọ̀rọ̀, ó sì fún àwọn oníṣòwò ní gbèdéke. Wọn kò gbọ́. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà wọn mọ́. Àwọn ìjòyè ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá rà á, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá sì dá wáí fún nǹkan bí oṣù kan.

Àwọn kan ń fojú kéré rẹ̀ pé owó ọjà ló bá wọn jà lé lórí, kì í ṣe òmìnira. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló tún ti kó ìyàwó ilé, ọba, akọ̀wé àti àgbẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lòdì sí Òyìnbó? Àwọn àgbẹ̀ ti kọ̀ láti ta kòkó wọn lọ́dún 1937, ìjà ńlá nìyẹn náà. Ti Nii Bonne ló wọ ilé gbogbo, nítorí kò sí ẹni tí kì í ra aṣọ.

Níkẹyìn, àwọn ilé iṣẹ́ gbà láti dín èrè wọn kù láti ìdá 75 sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí aráàlú gbọ́ ni pé iye ọjà yóò já sí ìdajì. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, wọ́n rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, inú sì bí wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ṣọ́jà tó ti ogun dé ń kó ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà, tí ọ̀gá ọlọ́pàá Imray fi yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Ìròyìn náà bá èrò tó ti ń bínú ní ìgboro. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù, rògbòdìyàn ran dé Kumasi, ènìyàn 29 sì kú kó tó rọlẹ̀.

Nkrumah àti Danquah kọ́ ló ṣètò kíkọ ọjà tàbí ìwọ́de àwọn ṣọ́jà, síbẹ̀ àwọn ni ìjọba dì í rù. Àtìmọ́lé yẹn ló sọ wọ́n di akọni. Ìgbìmọ̀ Watson tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ló la ọ̀nà sí òfin ìlú tuntun àti ìdìbò ọdún 1951.

Kí àwọn tó ń kọ ìwé ìtàn fún ọmọ ilé ìwé fi orúkọ Nii Kwabena Bonne ṣáájú ti àwọn mẹ́fà náà, tí wọ́n bá dé orí ọdún 1948.