Ẹ̀rọ Ìgbọ́rọ̀ ní Ọgbà Ìṣeré

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ọdún 1955 ni Walt Disney ṣí ọgbà ìṣeré ńlá kan sílẹ̀ ní ìlú Anaheim, ní ìpínlẹ̀ California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di ọdún 1971, wọ́n ṣí òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì ní Florida, nítòsí ìlú Orlando, àwọn ọgbà mìíràn sì ti pọ̀ sí i ní àyíká rẹ̀ láti ìgbà náà. Lónìí, bí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ bá dé, àwọn òbí a máa kó ọmọ wọn lọ sí Orlando láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Houston àti ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá kò gbẹ́yìn nínú wọn. Ariwo ni gbogbo wọn ń lọ pa níbẹ̀. Ọkọ̀ ń sáré lórí irin tí ó ga ju igi àràbà lọ, omi ń ya wìì, orin ń dún, àwọn ọmọdé ń ké bí ẹni tí a fẹ́ pa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Kí ẹbí tí ọmọ wọn kan ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn a máa bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Ìyá a ní kí ọmọ yọ ẹ̀rọ náà kí ó fi í sílẹ̀ ní ilé ìtura, nítorí owó ńlá ni a fi rà á. Bàbá a ní kí ó fi í sí etí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí etí ni a rà á fún, a kò rà á fún àpótí. Àwọn méjèèjì ni ó ní ìdí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tọ̀nà tán nínú wọn.

Ẹ̀rù tí ń ba ìyá kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nǹkan kékeré ni ẹ̀rọ yìí. Irú èyí tí a ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí kò tóbi tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Òmíràn sì wà tí a ń tẹ̀ bọ inú ihò etí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀pà lọ. Bí ó ti kéré tó yìí, ohun tí ń gba ohùn wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tíntín wà nínú rẹ̀ tí ń gbìyànjú láti ya ọ̀rọ̀ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo, ohun tí ń gbé ohùn náà jáde sínú etí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, méjì rẹ̀ lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni òfin ti gba àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò dí púpọ̀ láyè láti ra irú kan ní ìsọ̀ láìkọ́kọ́ rí dókítà, ṣùgbọ́n àǹfààní yìí kò kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ti ọmọdé ní láti gba ọwọ́ amọ̀ṣẹ́ kọjá, tí yóò yẹ etí rẹ̀ wò, tí yóò sì tún ẹ̀rọ náà ṣe títí yóò fi bá etí náà mu. Nítorí náà, èyí tí ó bá sọnù ní ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe ọjọ́ Ajé ni òmíràn yóò dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ìlera ìjọba a máa yá ènìyàn ní ẹ̀rọ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù mú owó wá.

Síbẹ̀, ọmọ tí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìtura, kí ni ó kù tí ó bá ẹlòmíràn lọ ṣe? Yóò rí ẹnu àwọn ènìyàn tí ń mì, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò pa àwàdà nígbà tí wọ́n tò sí ìlà, gbogbo wọn yóò bú sí ẹ̀rín, òun náà yóò rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà mọ̀ pé kò gbọ́. Èyí kò sì tíì le tó. Òṣìṣẹ́ tí ń darí ọkọ̀ a máa sọ fún àwọn èrò bí wọn yóò ṣe jókòó àti ìgbà tí wọ́n lè dìde. Ní Florida, ààrá a máa sán ní ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọn a sì kéde pé kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò nínú omi. Bí ọmọ bá sì sọnù láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, orúkọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ yóò máa ké. Ìyá tí ó fẹ́ pa owó mọ́ nípa fífi ẹ̀rọ sílẹ̀ kò rántí pé ọmọ ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ti bàbá ńkọ́? Ní ọdún 2021, wọ́n ṣí ọkọ̀ orí irin kan ní Orlando tí wọ́n ń pè ní VelociCoaster, tí ń sáré dé máìlì 70 ní wákàtí kan, tí ó sì ń dorí ènìyàn kodò nínú eré náà. Nǹkan tí kò wúwo, tí a kàn fi há ẹ̀yìn etí, kí ni yóò dì í mú níbẹ̀? Atẹ́gùn yóò máa hu nínú rẹ̀ bí ìjì, tí kò ní jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan; ìrọ̀rí àga yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí, tí yóò máa sú fèé kíkankíkan. Lórí irú ọkọ̀ báyìí, ẹ̀rọ náà kò wúlò, ó sì lè bọ́. Yíyọ ni kí a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ó pọ̀ ju ti eré líle lọ nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí, kò sí ìdí tí a ó fi yọ ọ́, bí a bá ti so ó mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ okùn yìí ni ó mú ọ̀pọ̀ wàhálà wá. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ní ojóbó fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí ìdí rẹ̀ sì ní ohun tí ń gán aṣọ mú. Ẹ̀yìn ọrùn aṣọ ni a ń gán an mọ́. Bí ẹ̀rọ bá yọ ní etí, yóò rọ̀ sí ẹ̀yìn ọmọ, kò ní dé ilẹ̀. Kò wọ́n, kò sì ṣòro lò. Kí ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ lò ó? Ìtìjú ni. Ọmọ ọdún 13 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń lo ẹ̀rọ, nítorí náà ó mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ara rẹ̀ mu, ó fi irun bò ó, ó sì kọ okùn sílẹ̀. Nígbà tí ó bá bọ́ sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ èrò, ojú tí kò rí i ní etí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní rí i nílẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé pupa fòò tàbí àwọ̀ ewé ni, ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ìbá ti pè é. Àwọn tí ń wo gíláàsì ti borí ìtìjú yìí tipẹ́. Ojú tí ó nílò gíláàsì àti etí tí ó nílò ẹ̀rọ, kí ni ó fi ọ̀kan dára ju èkejì lọ?

Ibi tí a ń fi í sí nígbà tí a bá yọ ọ́ tún ṣe pàtàkì. Kì í ṣe inú àpò ṣòkòtò tí kò ní ìdè, kì í sì í ṣe inú ìwé ìnuwọ́. Ẹ wo bí èyí ti ń rí: ọmọ jókòó jẹun, ó yọ ẹ̀rọ, ó fi ìwé ìnuwọ́ wé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó jẹun tán, ó kó àwo àti ìwé dà sínú garawa ìdọ̀tí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń lọ, láìsí ọkọ̀ orí irin kankan níbẹ̀. Àpótí líle kékeré tí ó ń pa dé ni ó yẹ ẹ́, nínú àpò tí ó ní síìpù, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní gun ọkọ̀ náà.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a bá àwọn tí ó ni ọgbà wí díẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ti wà láti ọdún 1990, àwọn ọgbà Disney ní Florida sì ń ṣe dáadáa: wọ́n ní àwọn tí ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn adití ní àwọn ọjọ́ kan, wọ́n sì ń yáni ní ẹ̀rọ tí ń mú ohùn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ìdí àwọn ọkọ̀ líle mìíràn, ẹnu ìlà ni àpótí ìkẹ́rù máa ń wà, a kò sì ní jẹ́ kí ènìyàn kó nǹkan sínú àpò kọjá ibẹ̀. Ìlà náà lè gba wákàtí kan. Ọmọ tí ó bá yọ ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀ yóò dúró fún wákàtí kan láìgbọ́ nǹkan, nítorí eré tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí VelociCoaster tí a dárúkọ lókè yìí ní àpótí onílẹ̀kùn méjì nítòsí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ gan-an. A gba ọ̀nà kan kó ẹrù sí i, a gba ọ̀nà kejì kó o. Ohun tí ẹnì kan ti ṣe, ẹlòmíràn lè ṣe é.

Ti omi kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ a máa kọ IP67 tàbí IP68 sí ìwé rẹ̀. Mẹ́fà ń sọ pé eruku kò lè wọ inú rẹ̀; méje ń sọ pé ó lè wà nínú omi tí ó jìn ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30 kí ó má bàjẹ́; mẹ́jọ ju èyí lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi lásán tí ó dákẹ́ ni a fi dán an wò. Omi ọgbà tí a da kẹ́míkà sí, tí ń já luni láti òkè, kì í ṣe irú omi bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá wá bọ́ láti orí ọkọ̀ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni kí a lọ, kí a sọ ibi tí ó ti bọ́, kí a sì fún un ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ náà, tí a ti dà kọ sí ìwé kí a tó kúrò nílé. Odi kò ṣe é fò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ní ọgbà kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkùnrin kan wọ abẹ́ ọkọ̀ orí irin láti lọ wá fóònù rẹ̀ tí ó bọ́. Ọkọ̀ náà gbá a, ó sì kú. Ọkùnrin yẹn ní etí tí yóò fi gbọ́ ìró ọkọ̀. Ọmọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kò ní.

Nítorí ìdí kan náà, kí ọmọ tó yọ ẹ̀rọ, ó yẹ kí òun àti àwọn tí ó bá a lọ ti fi ẹnu kò lórí àmì ọwọ́: èyí tí ó túmọ̀ sí dúró, èyí tí ó túmọ̀ sí wá, àti ibi tí wọn yóò ti pàdé. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó máa sọ ìgbà tí yóò yọ ọ́ àti ẹni tí yóò gbé e fún, nítorí òun ni ó mọ ibi tí etí rẹ̀ dé. Ìyá tí ń pariwo tẹ̀ lé e láti ìdí ọkọ̀ kan dé òmíràn kò kọ́ ọ ní ìtọ́jú, ìbẹ̀rù ni ó kọ́ ọ.

Ní alẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti yin iná aláràbarà sí ojú ọ̀run tán, tí wọ́n sì padà sí ilé ìtura, yóò fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lára ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ oníbátìrì, yóò ṣí ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀, yóò sì gbé e sínú àpótí tí ń fa ọ̀rinrin. Kò ní fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, nítorí ooru yóò bà á jẹ́. Ní òwúrọ̀, kí ó tó wọ bàtà, yóò ti gbé e sí etí, yóò sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.