Ọjọ́ Kìíní Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìjọba

Bí ọ̀dọ́ bá rí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, aṣọ tuntun ni ó sábà ń gbà á lọ́kàn. Ní tèmi, fọ́ọ̀mù ọjọ́ kìíní ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ ìbí tí ó kọ síbẹ̀ ni a ó fi mọ ìgbà tí yóò pé 60 ọdún, tí yóò fẹ̀yìn tì, bí kò bá tíì lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2014 pàṣẹ pé kí a máa fi, ó kéré tán, náírà 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ pamọ́, kí ìjọba sì fi 10 kún un. Bí ó bá kú láìkọ orúkọ àjogún, opó rẹ̀ ni yóò máa ti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ kọ ọ́: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.