Kí Ẹ Tó San Owó Ilé, Ẹ Béèrè Ilé-Ìwé

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí n kò tètè fèsì sí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó ju èyí tí a lè fi ìlà méjì dáhùn lọ. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Abẹ́òkúta ni ó kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ti rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbogbo ilé ni yóò sì kó lọ kí oṣù kẹjọ tó dé. Àkọ́bí wọn obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí ó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́ ní Katy ni kí wọ́n wá ilé sí, nítorí òkìkí ilé-ìwé ibẹ̀ kàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Alief ni, nítorí àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀, owó ilé kò sì ga púpọ̀. Arábìnrin náà wá béèrè pé: "Àǹtí, èwo ni kí a mú? Ṣé a kò lè kọ́kọ́ gba ilé tí apá wa ká ná, kí a wá ilé-ìwé nígbà tí a bá dé ọ̀hún?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó mú mi mú bírò. Rárá o, ẹ kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nílé níbí, àpò wa ni a fi ń yan ilé-ìwé. Ìyá tí ń gbé Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn lè mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé aládàáni ní Bódìjà, bí ó bá ti lè san owó rẹ̀ àti owó ọkọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ibi tí ó ń sùn. Ní Texas, òpópónà tí ilé yín wà ni yóò yan ilé-ìwé ìjọba fún ọmọ yín. A ti pín ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn ilé-ìwé tí iye wọn lé ní 1,000. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àti ọ̀gá àgbà tirẹ̀, owó orí tí àwọn onílé ń san lórí ilé àti ilẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nínú ẹkùn kan náà, wọ́n tún fi ààlà pín àwọn àdúgbò, tí ó fi jẹ́ pé nọ́ńbà ilé kan ṣoṣo ni yóò sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e, àti ilé-ìwé gíga tí àwọn ọmọ inú ilé náà yóò lọ. Ẹni tí ó háyà ilé kì í san owó orí yìí lójúkojú, ṣùgbọ́n onílé ti kà á mọ́ owó ilé. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀, òótọ́ ni. Inú owó ilé ni ẹ ti ń san án.

Ohun kan wà tí ó máa ń tan àlejò jẹ. Orúkọ ìlú tí ó wà lórí àdírẹ́sì kì í ṣe orúkọ ẹkùn ilé-ìwé. Ilé tí wọ́n kọ Houston sí lára lè wà lábẹ́ ẹkùn Houston, ó lè wà lábẹ́ Katy, tàbí Alief, tàbí Cypress-Fairbanks, tàbí Fort Bend. Níbi tí ààlà gbà kọjá, ọmọ iwájú ilé àti ọmọ òdìkejì títì lè máa lọ sí ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé "Houston ni a wà" kò tíì sọ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu mi. Nígbà tí ọkọ mi lọ kàwé sí Houston, tí èmi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ bá a, mo yan ilé kan nítorí pé mo rí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀. Obìnrin tí ó fi ilé náà hàn wá fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ ni ọmọ wa yóò lọ. A san owó, a sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún kan. Nígbà tí mo di ọwọ́ ọmọ mi mú dé ọ́fíìsì ilé-ìwé náà, wọ́n yẹ nọ́ńbà ilé wa wò, wọ́n ní lóòótọ́ ni a wà nínú ààlà àwọn, ṣùgbọ́n kíláàsì kejì ti kún, àwọn kò lè gba ọmọ mìíràn. Ilé-ìwé tí ó jìnnà ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bọ́ọ̀sì ni ó ń wá gbé e ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Odidi ọdún kan ni ọmọ ọdún méje yìí fi ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lábẹ́ fèrèsé wa lọ sí ilé-ìwé tí èmi ti ṣe ìlérí rẹ̀ fún un. Bí ó bá bi mí pé, "Màmá, kí ni mo ṣe fún wọn?" n kì í mọ ohun tí mo lè sọ. Kò sí ẹni tí ó fi ìyà jẹ wá. Èmi ni n kò béèrè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ béèrè. Àwọn ẹkùn wọ̀nyí ní ojú ewé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a lè kọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà sí, kí ó sì sọ ilé-ìwé tí ó ni àdúgbò náà. Láti Abẹ́òkúta níbí ni ẹ ti lè ṣe é, kí ọkọ yín tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Lẹ́yìn náà kí ó fi tẹlifóònù pe ilé-ìwé náà, kí ó sì béèrè ohun méjì: ṣé nọ́ńbà yìí ṣì wà nínú ààlà yín ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀? ṣé àyè wà ní kíláàsì tí ọmọ mi yóò wọ̀? Wọ́n máa ń yí ààlà padà bí ilé tuntun bá ti ń pọ̀ sí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti kó lọ láti ọdún mẹ́wàá kò tó gbára lé. Ẹkùn Houston fúnra rẹ̀, tí ó tóbi jù lọ ní Texas, yí padà lójijì ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ mú ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn kúrò, tí ó sì fi àwọn tí òun fúnra rẹ̀ yàn rọ́pò wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ Katy àti Alief. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Texas máa ń fún ilé-ìwé ní àmì láti A dé F, bí a ti ń fún ọmọ ní máàkì. Ojú A ni gbogbo wa máa ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ inú àmì náà wò, nítorí ohun mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀: iye tí àwọn ọmọ gbà nínú ìdánwò, bí wọ́n ṣe tẹ̀ síwájú láti ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, àti bí àwọn tí nǹkan kò rọrùn fún ṣe ń ṣe dáadáa sí. Ohun kejì yìí ni èmi máa ń wò jù. Ilé-ìwé tí ó kún fún ọmọ àwọn ọlọ́rọ̀ lè gba A láìjẹ́ pé olùkọ́ ṣe wàhálà púpọ̀. Èyí tí ó gba ọmọ tí kò mọ ìwé kà dáadáa, tí ó sì gbé e dé ibi tí ó dára, ìyẹn ti ṣiṣẹ́.

Òfin kan tún wà tí ó kan àkọ́bí yín gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1997 ni Texas ti ṣe òfin pé ọmọ tí ó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá tí ó ṣíwájú nínú kíláàsì rẹ̀ ní ilé-ìwé gíga ìpínlẹ̀ náà yóò rí àyè wọ yunifásítì ìjọba ibẹ̀. Yunifásítì Texas ní Austin nìkan ni a fún ní ìyọ̀ǹda láti mú ìwọ̀n náà kéré sí i. Ẹ ronú sí èyí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀ ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin tí ó já fáfá lè wà ní ipò àádọ́jọ níbi tí gbogbo wọn jọ já fáfá, kí ó sì wà nínú àwọn aṣíwájú ní ilé-ìwé tí àmì rẹ̀ kò tàn tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ sá fún ilé-ìwé rere. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òkìkí ní iye tí a ń san lé e, kì í sì í ṣe owó nìkan.

Owó náà ńkọ́? Ilé ní àwọn apá Katy tí òkìkí wọn kàn sábà máa ń wọ́n ju ti Alief lọ. Bí owó ilé bá gbé ọkọ lọ sí iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ òru, tí ìyàwó náà sì ń tọ́jú arúgbó lálẹ́ kí oúnjẹ lè wà nílé, ta ni yóò jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Ta ni yóò gba àbíkẹ́yìn nígbà tí ilé-ìwé bá jáde? Kò sí ìyá àgbà nínú yàrá kejì. Bákan náà, òfin ìpínlẹ̀ ń fún ẹkùn lówó ọkọ̀ fún ọmọ tí ilé rẹ̀ tó máìlì 2 sí ilé-ìwé tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ilé wọn súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń fẹsẹ̀ rìn tàbí kí òbí gbé wọn, oòrùn oṣù kẹjọ ní Houston kò sì ṣe é fẹnu sọ. Mọ́tò kan ni ìdílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ní, bí ó bá tilẹ̀ ní. Ní tèmi, àbúrò mi, bí ilé kan bá wà ní Alief tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń mú àwọn ọmọ tẹ̀ síwájú, tí ọ̀rẹ́ yín sì wà nítòsí láti bá yín mú ọmọ, èmi yóò mú un, n ó sì fi owó tí ó kù ra ìwé àti oúnjẹ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé, ẹ̀yin àti baálé yín, kí ẹ má fi ti ẹ̀gbọ́n ọkọ tàbí ti ọ̀rẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ ìkọrúkọsílẹ̀, wọn yóò béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé àti èyí tí ọmọ ń sọ jù. Ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìtìjú, àní àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í jáde lẹ́nu wọn nínú ilé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ Yorùbá, wọn yóò dán ọmọ wò ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá gbọ́ ọ dáadáa, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá gbọ́ ọ tó, ìrànlọ́wọ́ ń bẹ fún un, òbí sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í fi dandan rí àyè ọ̀fẹ́ ní jẹ́léósinmi ìjọba; ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí òfin fún láyè, bákan náà ni ọmọ ìdílé tí owó tí ń wọlé fún un kò tó nǹkan, bí ọmọ náà bá ti pé ọdún mẹ́rin ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ wá wo bí Yorùbá tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ ṣe lè ṣí ilẹ̀kùn fún àbíkẹ́yìn yín.

Nípa ìwé ìgbélùú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 1982, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ìlú Tyler ní Texas gan-an wá, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí ìwé ìgbélùú lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ìjọba. Ohun tí wọn kì í fojú rere wò ni àdírẹ́sì irọ́. Bí ẹ bá ń gbé Alief tí ẹ fi nọ́ńbà ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní Katy kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin Texas, wọ́n sì lè gba owó ẹ̀kọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ẹ ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà fún ìgbà díẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí òun fúnra rẹ̀ bá yín lọ, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ìbúra pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹ wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé jọ láti ìsinsìnyí: ìwé ọjọ́-ìbí, ìwé ìrìnnà, èsì ìdánwò àkọ́bí yín ní sáà gbogbo, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-ìwé rẹ̀, nítorí iye iṣẹ́ tí ó ti yege ni wọn yóò fi mọ kíláàsì tí yóò wọ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó máa ń dá àwọn ènìyàn wa dúró jù. Texas ń béèrè abẹ́rẹ́ chickenpox àti ti hepatitis A, tí wọn kò sí lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́ nílé. Ẹ béèrè wọn ní ilé ìwòsàn aládàáni kí ẹ tó lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, oṣù sì máa ń wà láàárín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ má kó wọn sínú àpótí tí ẹ óò fà lé ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́. Àpamọ́wọ́ yín ni kí ẹ kó wọn sí.