Ìyanṣẹ́lódì Àwọn Olórin àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Òṣìṣẹ́ Kóńtíráàtì

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, bí àwọn ènìyàn bá ń ka ọjọ́ ńlá nínú ìtàn orin, ọjọ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde ni wọ́n máa ń kà. Èyí tí àwa fẹ́ rán yín létí ni ọjọ́ tí àwọn olórin Amẹ́ríkà kọ̀ láti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù: ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1942.

Kí ló dájà sílẹ̀? Ẹ̀rọ ni. Nígbà tí sinimá tó ń sọ̀rọ̀ dé ní 1927, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olórin tó ń ṣeré nínú ilé sinimá ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún díẹ̀. Rédíò tún dé, àti ẹ̀rọ ilé ọtí tí í kọrin bí a bá ju owó ẹyọ sí i nínú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni olórin ń gbowó, lọ́jọ́ tó ṣeré sínú àwo. Àwo náà á wá máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kò ní jẹun, kò ní béèrè owó-oṣù. Iṣẹ́ ọwọ́ olórin ló wá ń lé olórin níṣẹ́.

James Petrillo, ààrẹ ẹgbẹ́ American Federation of Musicians, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣeré sínú àwo mọ́, àfi bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá gbà láti máa san owó lórí àwo kọ̀ọ̀kan sínú àpò ẹgbẹ́, fún àǹfààní àwọn tí kò níṣẹ́. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ìwé ìròyìn ń bú u. Ààrẹ Roosevelt fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí i ní oṣù kẹwàá 1944 pé kó dáwọ́ dúró, ó kọ̀. Decca ti gbà ní 1943, Victor àti Columbia sì gbà ní oṣù kọkànlá 1944. Owó náà ni ẹgbẹ́ fi ń sanwó fún àwọn olórin tó ń ṣeré ọ̀fẹ́ fún ará ìlú. Ọkùnrin ni Petrillo, ẹ jẹ́ kí a kí i.

Ṣùgbọ́n ihò kan wà lára ògiri wọn. Àwọn tó ń fi ẹnu nìkan kọrin kò sí nínú ẹgbẹ́. Wọn kò kà wọ́n kún olórin. Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ sáré lọ. Ní 1943, Columbia mú Frank Sinatra kọrin sínú àwo pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́gbè tó ń fi ohùn lásán gbè é, láìsí fèrè, láìsí ìlù. Àwo náà sì tà. Nígbà tí ìjà fi máa parí, akọrin ti di ọ̀gá, àwọn bándì ńláńlá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ. (Ogun náà dá sí i, a gbà.)

Ọ̀rọ̀ dé ẹ̀ka tiwa wàyí. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ kóńtíráàtì kì í ṣe ará wa, pé kí wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. A bi wọ́n léèrè: lọ́jọ́ tí a bá yanṣẹ́ lódì, ta ni ọ̀gá yóò pè sídìí ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ kan náà ni a jọ ń lò, owó wọn ni kò tó tiwa. Kí a ṣí ìwé orúkọ fún wọn, kí owó ẹgbẹ́ wọn sì kéré sí tiwa.

Ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí. Kí ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ òru fi orúkọ ránṣẹ́ sí wa ṣáájú, kí a lè bá yín tọrọ àyè.